Apá Súwẹ́tà Tó Kúrú

“Mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín: bí olùkọ́ yín yìí bá lè kó gbogbo ọmọ kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gun orí ìtàgé lọ́jọ́ ìparí ọdún, tí ẹyọ ọmọ kan kò jókòó sílẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe, ipò olùkọ́ orin àti eré ti di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀.”

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa ló sọ bẹ́ẹ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú gbọ̀ngàn àpéjọ. Mo dúró lápá òsì rẹ̀, ìwé orin wà lábẹ́ apá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Oṣù mọ́kànlá péré ni mo ti jáde ní yunifásítì, olùkọ́ onígbà díẹ̀ sì ni mí, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n lè sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì pé kí n má padà wá lọ́jọ́ Ajé. Igba ọmọ ó lé mẹ́rìnlá ló pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé orin kò jẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe lákòókò yẹn. Mo ń kọ́ ọmọ ní orin àti eré, mo sì ń hun aṣọ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́kù: súwẹ́tà ọmọdé, ìbọ̀sẹ̀, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, fìlà àwọn ọmọ tuntun tí ilé ìwòsàn ń gbà lóṣooṣù lọ́wọ́ Màmá Olówùú, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù òwú tó kọjú sí ibùdókọ̀. Ọgọ́ta fìlà lóṣù kan. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, nítorí bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà ni Màmá Olówùú ṣe máa ń yẹ fìlà wò. Mo ń hun nínú ọkọ̀, mo ń hun nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ń hun bí omi ìwẹ̀ bá ń gbóná lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá kan, kì í sì í jẹ́ kí n gbádùn.

“Àbúrò,” ni yóò wí, “lọ́jọ́ tí o bá lọ sílé ọkọ, abẹ́rẹ́ méjèèjì yìí ni wọn yóò gbé níyàwó. Ìwọ á kàn tẹ̀lé wọn lọ ni.”

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí èwo ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ méjèèjì, mi ò lè dáhùn. Bí orin bá dún tán, ó ti lọ nìyẹn. Fìlà a máa dúró kí èèyàn wò ó dáadáa. Mo fẹ́ èyí tó ń lọ, mo sì fẹ́ èyí tó ń dúró.

Nígbà ìdánrawò, bí àwọn ọmọ bá ń tún ègbè orin kan náà gbà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, etí mi nìkan ló níṣẹ́. Ọwọ́ mi kò níṣẹ́ kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ apá súwẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú o.”

Ìbéèrè ni. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìbéèrè ẹni tó kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

“Kí ló tún dé?”

“Apá òsì súwẹ́tà yín kúrú ju apá ọ̀tún lọ.”

“Kò kúrú. Ìlà ọgọ́ta ni mo hun sí ìkínní, ìlà ọgọ́ta ni mo hun sí ìkejì.”

“Ẹ wọ̀n ọ́n, Àǹtí.”

Mo wọ̀n ọ́n. Ó fi ìbú ìka méjì kúrú. Mo ka àwọn ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pé ọgọ́ta. Inú ìdì òwú kan náà ni mo ti fà wọ́n, abẹ́rẹ́ kan náà ni mo sì fi hun wọ́n.

“Ẹni tó hun wọ́n ńkọ́?” Ìbéèrè bi mí. “Ṣé ẹnì kan náà ni?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. “Ìbéèrè, o ò ní pa wá o!” Gbohùngbohùn ló pariwo bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tí a fi ṣe akéde nínú eré náà, tí ohùn rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsàlẹ̀. “Ṣé Àǹtí méjì la ní ni? Èwo ló máa ń fún wa níṣẹ́ àṣetiléwá nínú wọn, ká lè máa sá fún un?”

Ìbéèrè kò rẹ́rìn-ín. “Ibo lẹ ti hun èyí tó gùn?”

“Nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.”

“Èyí tó kúrú ńkọ́?”

“Níhìn-ín,” ni mo wí. “Nígbà ìdánrawò.”

Ó wò mí, mo wò ó. Mo ti hun aṣọ fún ọdún mẹ́jọ, ọmọ tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí ló wá fi hàn mí pé bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, ọwọ́ mi a máa fa òwú le. Bí òwú bá le, ojú tí mò ń hun yóò fún, aṣọ yóò sì kúrú. Ohun tí mo wá fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló ń já ọkàn mi nínú eré tí gbogbo èèyàn ń yìn.

A dá a wò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo ń hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan nígbà ìdánrawò, ogún ojú ní ìbú. Bí ìran kan bá parí, Ìbéèrè a so òwú pupa mọ́ etí ọ̀já náà. Bí a bá parí, àwọn ọmọ a yí i ká bí ẹni fẹ́ wo èsì ìdánwò. Ìran kìn-ín-ní fẹ̀ dáadáa. Ìkejì fẹ̀. Ìkẹta fún bí ìbàdí agbọ́n, lójoojúmọ́, láìyẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu. Eré ìlú kan tó sọ ohùn rẹ̀ nù ni eré wa, ìran kẹta sì ni akéde ti ń dúró láàárín ọjà láti pe ohùn náà padà. Gbohùngbohùn a máa sọ ogójì ìlà ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìmí, àwọn olùkọ́ tó bá ń kọjá a sì máa dúró wò ó.

“Ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí,” ni mo wí. “Kí ló wá ń dẹ́rù bà mí?”

Ìbéèrè ń fi ìka tọ ibi tó fún náà. “Àǹtí, bó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ni àwa tó kù máa ń ṣe?”

Mo yíjú wo ìtàgé. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ọmọ ló dúró lẹ́yìn Gbohùngbohùn nínú ìran yẹn. Wọ́n ń họ ọrùn. Wọ́n ń wo àjà. Ọ̀kan ń sùn lóòró. Mo pè wọ́n ní ará ìlú, mi ò sì fún wọn níṣẹ́ kankan. Ọwọ́ mi ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ojú mi ni kò mọ̀.

A pín ogójì ìlà náà. Akéde yóò pe ọ̀rọ̀ kan, àwọn ará ìlú yóò fi orin gbà á, ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn èkejì, títí ohùn yóò fi padà sílùú.

“Ṣé òwú ló wá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí?” Gbohùngbohùn fa ojú ro. Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, òun gan-an ló ń lé àwọn ará ìlú kiri: “Ẹ lanu! Ta ló ń gba owó orí ẹnu lọ́wọ́ yín?”

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ọ̀gá àgbà wọ gbọ̀ngàn láìkànlẹ̀kùn. Ọ̀já náà ló kọ́kọ́ rí.

“Kí nìyẹn?”

“Ohun tí a fi ń díwọ̀n ìdánrawò ni, sà. Bó bá ti fún—”

“Mo ní kí nìyẹn?”

“Aṣọ híhun ni, sà.”

Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi. Ohùn bàbá sọ́mọ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. “Ọmọ mi, ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Olùkọ́ ni mò ń wá, kì í ṣe ahunṣọ. Jáwọ́ nínú òwú yìí pátápátá, níhìn-ín àti nílé, kí ẹnikẹ́ni má rí nǹkan wí sí ọ lọ́jọ́ tí mo bá ń fi ipò náà lé ọ lọ́wọ́. Ṣé o gbà?”

Ìwé funfun wà lórí tábìlì rẹ̀, bírò sì wà lórí ìwé náà. Ó wá sí mi lọ́kàn láti sọ pé, “Ẹ dákun, sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.” Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ojú tì mí. Mo rò pé wọn yóò ní mi ò mọ àgbà.

“Mo gbà, sà,” ni mo wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo kó òwú fìlà padà lọ fún Màmá Olówùú, mo sì ṣàlàyé. Ó ń to òwú sórí pẹpẹ, kò wẹ̀yìn.

“Ó kọ ọ́ fún ọ?”

“Ó sọ ọ́ níwájú igba ọmọ, màmá.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá ó lẹ́nu. Mo ní ṣé ó kọ ọ́?”

Mo na òwú náà sí i.

“Òjò ṣú lókèèrè, o ń da omi inú ìkòkò nù.” Ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi. “Ó dáa. Àmọ́ àwọn ọmọ ò ní dúró dè ọ́ kí wọ́n tó wáyé o, orí wọn á sì máa fẹ́ fìlà.”

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gbé iṣẹ́ fìlà fún ìyàwó káfíńtà kan ládùúgbò.

A ṣe eré náà. Ìbéèrè dúró lẹ́nu àbáwọlé ìtàgé pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn lórí ìwé, ó ń sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń gòkè. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọmọ tó ń kólòlò ló mú ègbè tó le jù, nítorí kì í kólòlò bó bá ń kọrin. Nígbà tí ohùn padà sílùú nínú ìran kẹta, àwọn òbí dìde lórí ìjókòó wọn. Ọ̀gá àgbà náà dìde, ó sì ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́. “Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é báyìí,” ni mo gbọ́ tó ń sọ.

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dé. Lẹ́tà kankan kò wá. Mo lọ sí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé rẹ̀ ní ọ̀gá kò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, èyí gan-an ló sì kọ́kọ́ já mi láyà.

Lọ́jọ́ ìwọlé, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo lọ. Ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí dúró lápá òsì ọ̀gá àgbà. Akọ̀wé rọra sọ fún mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni.

“Ẹ kí olùkọ́ orin àti eré wa tuntun káàbọ̀,” ni ọ̀gá àgbà wí.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè, ti Ìbéèrè. “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wo ló jókòó sílẹ̀?”

“Kí lo sọ?”

“Lọ́jọ́ eré, sà. Ẹ ní bí ọmọ kan kò bá jókòó sílẹ̀, ipò náà di ti Àǹtí. Mo kà wá. A pé igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọmọ wo ló jókòó, sà?”

“Jókòó.”

“Sà?”

“Mo ní kí o jókòó!”

Ìbéèrè jókòó.

Mo tẹ̀lé ọ̀gá àgbà dé ọ́fíìsì. Ó ní ìgbìmọ̀ ló pinnu. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó tẹ́tí sí mi tán, ó ní, “Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ?” Mo ní kò sí. “Ṣé o rí i?” ni èsì rẹ̀. Nígbà tí mò ń jáde, olùkọ́ tuntun náà bi mí níbi tí kọ́kọ́rọ́ dùùrù wà. Mo fi hàn án. Mi ò bá a jà. Òun kọ́ ló ṣèlérí fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì pọ̀ jù fún èèyàn kan. Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló tún eré náà ṣe. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹ má ṣe ju iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣì wà lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí àgbà bá ṣèlérí fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ béèrè ìwé. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláfojúdi. Mo wà nínú ọ́fíìsì yẹn, ìwé àti bírò wà níwájú mi, mi ò béèrè.

Mo tún ti ń hun aṣọ. Ìbọ̀sẹ̀ ni Màmá Olówùú ń gbé fún mi báyìí. Ìyàwó káfíńtà ló ṣì ń hun fìlà àwọn ọmọ tuntun, ó sì mọ̀ ọ́n hun.

Ọ̀gá àgbà ní ipò olùkọ́ orin àti eré yóò di tèmi. Kò di tèmi.