Ilá Tó Ń Dúró De Àǹtí Ọláyídé

Inúmidùn jí. Ó bọ́jú. Ó sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ilá mi!"

Ní gbogbo ìlú Omífunfun, kò sí ọmọ tó fẹ́ràn ilá tó Inúmidùn. Òun àti Àǹtí Ọláyídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n jọ gbìn ín. Ebè kan. Ebè méjì. Ebè mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ilá ò tíì so tí iléèwé fi wọlé. Oǹdó ni iléèwé Àǹtí wà. Ibẹ̀ náà ni yóò máa sùn.

Bọ̀dá Àzíìz ọlọ́kadà ló wá gbé e. Tu-tu-tu-tu!

"Inúmidùn, ṣé wàá fi ilá tèmi pamọ́ dè mí?"

"Màá fi pamọ́, Àǹtí! Títí di Kérésìmesì!"

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí!"

Tu-tu-tu-tu! Wọ́n lọ.

Kò pẹ́, ilá so. Ó so, ó so, ó so wọ̀ǹtìwọnti!

Màmá Àgbà kọ́ Inúmidùn bí wọ́n ṣe ń mọ ilá tó dáa. "Ṣẹ́ imú rẹ̀ wò. Bó bá dún pó, ká a. Bí kò bá ṣẹ́, ó ti kó nìyẹn."

Pó! Pó! Pó! Agbọ̀n kún.

Wọ́n jẹ ilá láàárọ̀. Wọ́n jẹ ilá lọ́sàn-án. Wọ́n tún jẹ ilá lálẹ́.

"Háà," ni Bàbá wí. "Ẹ̀bà ò tíì dé ọ̀fun mi tó ti yọ̀ lọ!"

Wọ́n fún Bọ̀dá Àzíìz nílá. Lọ́jọ́ Ajé, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó rí agbọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán, ó ṣáná sí ọ̀kadà.

"Inúmidùn, ẹ ṣeun o! Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ rí ilá mọ́!"

Tu-tu-tu-tu! Ó sá lọ.

Síbẹ̀, Inúmidùn ò fọwọ́ kan ebè kẹta. Bí Bàbá bá súnmọ́ ọn, á pariwo.

"Ti Àǹtí ni o!"

"Ilá kì í dúró de èèyàn o, ọmọ mi," ni Màmá Àgbà wí.

Ṣé Inúmidùn gbọ́? Kò gbọ́ rárá.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ wo ilá Àǹtí. Yéè! Ilá ti tóbi! Ó gùn ju ọwọ́ Inúmidùn lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ń jó.

Ó ṣẹ́ imú ilá wò. Kò ṣẹ́.

Ó gbá òmíràn mú. Kò ṣẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ti kó! Inúmidùn bú sẹ́kún. "Mo ti ṣèlérí fún Àǹtí!"

Màmá Àgbà nu ojú rẹ̀. "Wò ó, ó ṣì ń tanná. Tuntun ń bọ̀." Ó ká àwọn tó ti kó dànù. Ẹyọ kan péré ló kù lórí igi. "Jẹ́ kí ìyẹn wà níbẹ̀."

Ilá tuntun jáde. Pó! Pó! Pó! Inúmidùn kó o sínú ike, ó dé e, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́ kẹta, Bàbá di imú mú. "Òórùn kí nìyí?"

Inúmidùn ṣí ike. Fììì! Ilá ti jẹrà.

Kérésìmesì ṣì jìnnà.

Inúmidùn lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí Bàbá sá kòkó sí. Ó fọwọ́ lẹ́rán. Bàbá ń tú kòkó nínú oòrùn. Ṣàrà, ṣàrà.

"Bàbá, kí ló dé tí kòkó yín kì í jẹrà?"

"Oòrùn ti mu omi ara rẹ̀. Ohun tó bá gbẹ dáadáa kì í jẹrà."

Inúmidùn fò dìde. "Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní igun kan lórí ẹní yín! Mo fẹ́ sá ilá!"

Màmá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Orúnlá! Orúnlá lọmọ yìí ń wí! Ta ló kọ́ ọ?"

"Kòkó ni!"

Wọ́n ká ilá tuntun ní ebè kẹta. Màmá Àgbà mú ọ̀bẹ. Ó rẹ́ ilá wẹ́wẹ́. Inúmidùn tẹ́ ẹ sí igun tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kìíní, ilá sún kì.

Ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú. Kù-rù-rù-rù!

"Òjò ń bọ̀!"

Bàbá sáré. Màmá Àgbà sáré. Wọ́n fa ọ̀rá bo kòkó lórí ẹní. Ọ̀rá ò dé igun Inúmidùn!

Inúmidùn tẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbá ilá jọ sínú rẹ̀. Ó di eré! Ó já wọlé.

Wààààà! Òjò dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ilá kan tó tutù.

Oòrùn padà yọ. Ilá gbẹ, ó ń dún ṣákáṣáká. Inúmidùn kó o sínú ike mímọ́, ó dé e pa.

Ọyẹ́ dé. Igi ilá gbẹ, ewé rẹ̀ rẹ̀ dànù.

Tu-tu-tu-tu! Ta ló dé yìí?

"Àǹtí Ọláyídé!"

Ẹ̀yìnkùlé ni Àǹtí kọ́kọ́ sáré lọ. Igi gbígbẹ ló rí. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ilá ti tán."

Inúmidùn fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. "Àǹtí, ẹ dijú."

Àǹtí dijú. Inúmidùn gbé ike lé e lọ́wọ́.

"Ilá yín nìyí. Ti ebè kẹta."

Àǹtí gbá Inúmidùn mọ́ra. Ó gbé e sókè, ó fi í yí bírí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá Àgbà gún orúnlá, ó fi sebẹ̀. Ọbẹ̀ ń yọ̀ láti inú àwo dé ẹnu. Yọ̀ọ̀ọ̀! Àǹtí lá ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Bọ̀dá Àzíìz na ọrùn wò wọ́n. "Òórùn dídùn wo nìyí?"

"Ilá ni!"

Ṣé ó sá? Kò sá. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́.

Àǹtí mú ilá tó kó, èyí tó ṣẹ́kù lórí igi. Ó mì í. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́! Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́!

"Irúgbìn!" ni Inúmidùn kígbe. "Àǹtí, ebè mélòó la máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Mẹ́wàá!"

Bọ̀dá Àzíìz fò sórí ọ̀kadà.

Tu-tu-tu-tu-tu!