Tíkẹ́ẹ̀tì Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fún Ìrìnàjò Ìkẹyìn

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀ ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọ tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Obìnrin tó ni ín fa ọmọ méjì dání, ó sì gbé agbọ̀n oúnjẹ kọ́ apá. Wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tún kọ ọ́.

Nígbà tí aago méjìlá fi máa lù, èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní èbúté erékùṣù Brandholm. Gbogbo wọn ló ti fi káàdì sanwó lórí fóònù. Orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sí nínú ìwé.

Ìrìnàjò yìí kò ní èkejì. Afárá tuntun tó so erékùṣù náà mọ́ Sundby ti ṣí láti ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ ojú omi tó ti ń kó wọn sọdá láti ayébáyé máa gbéra ní aago méjì ọ̀sán Sátidé yìí, ó sì parí nìyẹn. Ọgọ́sàn-án èèyàn ni òfin gbà á láyè láti gbé, ọgọ́sàn-án tíkẹ́ẹ̀tì náà ló sì ti tà.

Ẹnìkan nínú èrò ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Ẹ bi Gudrun. Àkáǹtì rẹ̀ ni gbogbo wa ń sanwó sí."

Gudrun Bræmer, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni alága ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìrìnàjò náà. Orí erékùṣù yẹn ni wọ́n bí i sí. Ojú rẹ̀ funfun báláú. Kí wọ́n pe èèyàn lólè níbi tí wọ́n ti gbé e jó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyẹn kì í ṣe ohun tí omi ń fọ̀ kúrò.

Tove Ravnkilde, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Sundby, wà lórí ìlà. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Ó kúrò lórí ìlà, ó fa ìyá náà wọ yàrá ìdúródè, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá Gudrun, orúkọ ta lẹ fi ṣí ojú ìwé ìsanwó yìí?"

"Orúkọ mi ni. Ìgbìmọ̀ ọlọ́jọ́ kan, báǹkì wo ló máa ṣí àkáǹtì fún un? Iléeṣẹ́ tó ń gba káàdì ní kí n mú ìwé ìdánimọ̀ mi wá, mo mú un wá. Wọ́n ní àkáǹtì ta ni kí owó wọ̀, mo ní temi."

"Owó ọ̀hún dà?"

"Ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò ní tú u sílẹ̀ àfi lẹ́yìn ayẹyẹ. Wò ó fúnra rẹ."

Tove wò ó. Owó ọgọ́sàn-án tíkẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, kò lé, kò dín. Owó àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kò gba ọ̀dọ̀ ìyá yìí kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún èrò tínú ń bí?

"Wọ́n máa ní mo ṣí òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́," ni Gudrun wí.

"Wọ́n ti ń sọ ọ́, Màmá."

Tove jáde, ó gba fóònù obìnrin alágbọ̀n, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ kan náà ni, iye owó kan náà. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì Tove, ọkọ̀ gbéra ní aago méjì. Lórí ti obìnrin náà, ọkọ̀ gbéra ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Nínú ọkọ̀ yìí náà ni, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé kan wà nínú àpótí gíláàsì lára ògiri. Mo gbé fóònù sí àmì orí rẹ̀, ó gbé mi lọ síbi tí mo ti sanwó."

Tove bi ogún nínú wọn. Èsì kan náà ni gbogbo wọn fọ̀. Ó wọ inú ọkọ̀ lọ wò ó. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, gíláàsì sì wà ní títì. Ó gbé fóònù sí àmì orí rẹ̀, kò gbé e lọ sí ojú ìwé Gudrun. Èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ gíláàsì yẹn: Malthe, ọmọ àbúrò Gudrun, tó lẹ ìwé ìpolongo kiri, Ragna, tó ń ta kọfí nínú ọkọ̀, àti Verner Skafte, tó ti ń tú okùn ọkọ̀ náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Malthe ló kọ́kọ́ pè. Òun ló bá Gudrun ṣe ojú ìwé ìsanwó gidi, nítorí náà ó mọ ọ̀nà.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Malthe wí. "Ta ni kò lè ṣe é? Ìdajì wákàtí ni. Àti pé ṣé màá wá ba àǹtí mi lórúkọ jẹ́ ni?"

"Mi ò tíì fẹ̀sùn kàn ọ́. Aago mélòó lọkọ̀ máa gbéra lónìí?"

"Aago méjì. Ẹ̀yin náà ṣáà ní tíkẹ́ẹ̀tì."

Ragna kò dáwọ́ dúró nídìí ife tó ń nù. Kọ̀ǹtà rẹ̀ máa tì lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì fi ìbínú rẹ̀ pa mọ́.

"Ta ló fẹ́ mu kọfí lórí afárá? Ẹ sọ fún mi. Tí mo bá fẹ́ jalè, ṣé tíkẹ́ẹ̀tì ni màá jí? Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìró fóònù mi."

"Aago mélòó lọkọ̀ máa gbéra?"

"Méjì. Tí kùrukùru ò bá dé."

Verner jókòó lórí irin tí wọ́n ń so okùn mọ́. Ẹ̀wù ilé ló wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì láti Sundby ló sì wà nídìí okùn. Ó ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni tí àlejò ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀.

"Bọ̀dá Verner, aago mélòó lọkọ̀ máa gbéra?"

"Aago méjì ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Verner dáhùn, kò tilẹ̀ ronú.

Tove jókòó tì í. "Aago méjì ni gbogbo ayé ń pè é."

"Aago méjì ló ń kúrò létí omi. Aago méjì ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ń fa ṣéènì dí ẹnu ọ̀nà. Tí ṣéènì bá ti dí i, ọkọ̀ ti gbéra nìyẹn. Bí a ṣe máa ń kà á nínú ọkọ̀ nìyẹn..." Ó ti rí fóònù obìnrin náà lọ́wọ́ Tove.

"Ẹni tó kọ èyí kò mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe," ni Tove wí. "Bó ṣe ń kà á lójoojúmọ́ ló ṣe kọ ọ́. Bọ̀dá, ẹni tó bá ṣí irú ojú ìwé yìí, káàdì ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí báǹkì yín lórí fóònù. Ẹ lè kọ̀, màá kàn dúró de báǹkì títí ọjọ́ Ajé. Màmá Gudrun á sì máa jẹ́ olè títí dìgbà yẹn."

Verner ṣí i. Owó krone kan ṣoṣo tó san jáde ló wà níbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù, sí orúkọ kan náà tí obìnrin alágbọ̀n sanwó sí lórí fóònù rẹ̀.

"Mo gbọ́ tí Malthe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún Ragna nínú ọkọ̀," ni Verner wí. "Mo lọ sílé, mo ṣe é. Lẹ́yìn náà mo fi ìwé tèmi pààrọ̀ tiwọn. Owó yẹn pé. Iléeṣẹ́ ò tíì tú u sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ ẹ."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

"Mo lọ bá Gudrun. Mo ní kó jẹ́ kí n tú okùn lọ́jọ́ ìkẹyìn, mi ò gba owó. Ó ní ìgbìmọ̀ ti háyà ọkọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi tàwọn yòókù. Ojú èrò ló ti sọ ọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín." "Mo fẹ́ kí ojú ti òun náà níwájú èrò."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tove dìde, ó kojú sí èrò, ó sọ ẹni tó ṣe é àti bó ṣe ṣe é, ó sì ní kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn Gudrun. Ó ní owó oníkálukú máa padà sórí káàdì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Wọ́n kàn yẹra fún ojú rẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá tí Tove pè gba orí afárá dé.

Aago kan àti ìṣẹ́jú ogójì ti lù. Gudrun rọra rìn lọ bá Verner.

"Mo sọ ọ́ lóòótọ́," ni Gudrun wí. "Mo rò pé àwàdà ni. Mi ò sùn dáadáa látìgbà yẹn, mi ò sì wá bá ọ." Ó yíjú sí Tove. "Ọmọ mi, jẹ́ kó tú okùn yìí ná. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa mú un lọ."

Tove wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó mi orí, ó gbà.

Verner wo okùn náà pẹ́. Ó wo àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti àwọn ọmọ méjì tó ń jẹ oúnjẹ inú agbọ̀n lórí ilẹ̀.

"Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì," ni Verner wí, ó sì ń lọ sídìí ọkọ̀ ọlọ́pàá.