Ìdáhùn Tí Ó Ṣẹ́kù

Òjò winniwinni ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìwọlé yunifásítì. Ìyá aránṣọ ń gé aṣọ lórí tábìlì, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jókòó tì í, ó ń wo ìlà ṣọ́ọ̀kì bí ẹni tó ń lálàá láìsùn. Onípẹ́ńsù ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Àtikékeré ló ti ń fi í ya ilé, iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló sì fẹ́ lọ kọ́.

Bó bá ń dáhùn ìbéèrè nílé, nínú ìdáhùn mẹ́rin, mẹ́ta tí kò tọ̀nà ló máa ń fàgi lé, á fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ: "Gé èyí tí ò wúlò dànù. Èyí tó bá kù, aṣọ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o ti wá ṣe ìdánrawò orí kọ̀ǹpútà tí àjọ ìdánwò gbé jáde yẹn? Ọ̀fẹ́ mà ni."

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti rí àwọn nǹkan ìsàmì ibẹ̀. Ìlà ni, ìfàgilé ni, àsíá ni. Kí ló tún kù?"

"Rírí kọ́ ni lílò o."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre," ni ìyá wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbéraga ni, àmọ́ ta ni ò ní ṣe é fún ọmọ tó mọ̀wé?

Gbọ̀ngàn ìdánwò tutù, ó sì dákẹ́. Onípẹ́ńsù fa ìlà aláwọ̀ lórí ọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó fàgi lé àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà, wọ́n ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó ń rì sínú omi, ọ̀kan ṣoṣo sì ń dán lókè. Ó rò pé òun ti ń rìn nínú ilé tí òun fúnra òun yà. Nígbà tó fẹ́ parí, kọ̀ǹpútà kìlọ̀ pé àwọn ìbéèrè ṣì wà tó ṣófo. Ó rò pé àwọn díẹ̀ tí òun ò mọ̀, tí òun fi àsíá sí, ni. Ó tẹ bọ́tìnì ìparí, ó jáde.

Èsì jáde. Òdo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ìdánrawò náà. "Fi bó o ṣe ṣe é hàn mí."

Ó fàgi lé mẹ́ta, ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Wo àmì róbótó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kù. Ó ṣófo."

"Ṣebí òun nìkan ló kù!"

"Lójú tìẹ ni. Ìlà àti ìfàgilé, ìwọ ni wọ́n wà fún, kó o fi ronú. Àsíá ń rán ẹ létí pé kó o padà síbẹ̀ ni. Èyí tó o bá tẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kà. Kó o tó parí, ṣí ojú ewé àyẹ̀wò, kó o wo gbogbo èyí tó ṣófo."

Ìyá káwọ́ lérí. "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo ní èyí tó kù laṣọ."

"Rárá, Màámi. Ẹ̀yin máa ń rán an kẹ́ ẹ tó pè é láṣọ. Èmi ni mi ò rán an."

Ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó tún lè jókòó ṣe ìdánwò náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ jókòó ti ìdánrawò náà, ẹ fọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ mọ èyí tó wà fún yín àti èyí tí wọn yóò fi dá yín lẹ́jọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ẹ̀rín lé ẹni tó ń kìlọ̀ lọ. Onípẹ́ńsù ti ń ṣe ìdánrawò tirẹ̀ báyìí, pẹ́ńsù ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Bó bá fàgi lé mẹ́ta tán, á dúró díẹ̀, á sì tẹ ẹ̀kẹrin.