Mẹ́tàlélógójì Gòkè, Mẹ́tàlélógójì Sọ̀kalẹ̀

Ẹ lè pè mí ní onírọ́, n ò ní bínú. Ṣùgbọ́n káàdì kámẹ́rà náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti wo ohun tó wà lórí rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Bí káàdì náà ṣe dé ọwọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.

Ẹ-Má-Mira ni wọ́n ń pe obìnrin tó ni kámẹ́rà náà nídìí iṣẹ́. Ìgbéyàwó ló máa ń ká sínú fídíò, pàápàá ti àwọn tó kúrò nílé wọn lọ ṣe tiwọn lọ́nà jíjìn. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn fún ìyàwó tó pọ̀ débi pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ nìkan ló kù tó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Ojú rẹ̀ kò ríran bíi tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kó lọ gba awò ojú ti di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń wakọ̀ gbé e kiri, tó sì ń bá a di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ewú ti gba àgbọ̀n rẹ̀. Onírùngbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é.

Abúlé kan wà lórí òkè létí òkun. Mo pè é ní abúlé nítorí pé ilé wà níbẹ̀ ni. Ilé olókùúta bí ogún, ilé ìjọsìn kékeré kan, ojúde kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n máa ń ṣí i. Àwọn àlejò á gòkè láàárọ̀, wọ́n á ya fọ́tò tí òkun á hàn lẹ́yìn wọn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló débẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta gbọọrọ kan, géètì irin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ géètì náà. Abọ́ páànù kan máa ń wà lórí itan rẹ̀. Bí èèyàn kan bá wọlé, á ju òkúta wẹẹrẹ kan sínú abọ́. Bó bá jáde, á mú ọ̀kan, á sọ ọ́ nù. Wọ́n ti ti géètì mọ́ àlejò kan sórí òkè rí, fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, àfi tí abọ́ bá ṣófo kí ìyá yìí tó ti géètì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ mélòó?" ó bi Ẹ-Má-Mira àti àbúrò rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kan.

"Méjì ni wá," ni Onírùngbọ̀n wí. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ikùn mi, ẹ lè kà wá sí mẹ́ta."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Òkúta méjì dún nínú abọ́. Kó. Kó.

"Mẹ́tàlélógójì. Àlejò ti pé."

"Ìyá, àwọn tó ń gbé òkè yìí ńkọ́?" ni Onírùngbọ̀n tún bi í. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ṣé ẹ kà wọ́n mọ́ wa ni?"

"Àwọn tó ń gbé òkè," ni ìyá náà wí, "n kì í kà wọ́n."

Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Wọn kò tíì gun àtẹ̀gùn dé ìdajì tí fóònù fi dún. Ọmọ Ẹ-Má-Mira ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Màmá, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí."

"Má fòyà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, màá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ nígbà yẹn."

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ yìí bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbi tó ti ń ká ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Ọmọ tuntun náà kò lò ju òwúrọ̀ kan lọ láyé. Ẹni tó bí i nìkan ló gbé e, òun nìkan náà ló sì gbé e sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò láàárín wọn.

"Ọwọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ gbé eléyìí," ni Ẹ-Má-Mira wí. "Mo búra fún ọ."

Ó pa fóònù. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó ń gòkè lọ.

Iná pupa kan wà níwájú kámẹ́rà náà, tó máa ń tàn bó bá ti ń ká. Àwọn ìyàwó a máa tẹjú mọ́ iná yẹn bí ẹni rí ejò, ìyẹn ló mú kí Ẹ-Má-Mira fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pa. Téèpù yẹn náà ló fi di bàtà rẹ̀ ti òsì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yanu. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń lò. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀. Tó bá tún tẹ̀ ẹ́, á dúró. Ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, kì í wò ó mọ́.

Ìgbéyàwó náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ ìyàwó ń làágùn, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, òrùka bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n he é. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe Ẹ-Má-Mira ní kàyéfì ni pé kò gbọ́ ìró òkun. Òkun náà ló wà lójú fèrèsé ilé ìjọsìn, ó ń ru, ó ń fọ́ mọ́ àpáta. Ṣùgbọ́n kò dún. Ohun tó ń gbọ́ ni omi tó ń kán lẹ́yìn rẹ̀. Tó. Tó. Tó. Ó wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àfi ilẹ̀ tó tutù. Ó ní bóyá ìkòkò òdòdó kan ló ń jò.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ojú òkun. Àwọn àlejò ń sáré kó aga, wọ́n ń pe ara wọn. Onírùngbọ̀n di ẹrù lé èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pẹ́ o. Ọmọ yín ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì."

"Dúró dè mí lójúde. Kí n kàn bọ́jú, mo ń bọ̀."

Ó wọ yàrá tí ìyàwó ti múra. Ó gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, ó tẹ bọ́tìnnì láti pa á. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kí omi má ba téèpù rẹ̀ jẹ́. Omi náà tutù. Ó bọ́jú, ó ṣan ẹsẹ̀, ó ń kun orin kan lábẹ́nú. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nígbà tó jáde, bàtà rẹ̀ ti lọ.

Ó rò pé Onírùngbọ̀n ló ti kó o mọ́ ẹrù. Ó bú u díẹ̀, bú ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ó gbé kámẹ́rà láti fi í sápò, ibẹ̀ ló ti rí i pé gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn. Kámẹ́rà náà ń ká.

Ó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nǹkan kan ti tẹ bọ́tìnnì yẹn nínú àpò kó tó débẹ̀ láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti dorí kodò. Nígbà tó rò pé òun ń bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń dá a dúró. Nígbà tó rò pé òun pa á, ńṣe ló ń ṣí i. Ó dá a dúró, ó dá fídíò padà sẹ́yìn, ó sún un mọ́ ojú.

Kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ́, kò sí òrùka. Ilẹ̀ ló ń rí, bí kámẹ́rà ṣe ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó dojú kọ ẹ̀yìn.

Àkọ́kọ́, àtẹ̀gùn òwúrọ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ méjì láìwọ bàtà ń gòkè bọ̀. Omi ń kán lára wọn.

Èkejì, ojúde. Ẹsẹ̀ yẹn ti sún mọ́ ọn. Awọ rẹ̀ funfun, ó hun jọ bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀.

Ẹ̀kẹta, inú ilé ìjọsìn. Ẹsẹ̀ yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Bó bá gbé òsì, ó ń gbé òsì. Bó bá dúró, ó ń dúró.

Ìkẹyìn, yàrá tó wà yìí. Tábìlì, ilẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Omi ń dún nínú, ohùn òun fúnra rẹ̀ ń kun orin. Ẹsẹ̀ náà wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Ó ti òsì bọ̀ ọ́, ó ti ọ̀tún bọ̀ ọ́. Ọwọ́ kan sọ̀kalẹ̀, ó so okùn bàtà òsì ní kókó méjì, nítorí téèpù yẹn, bí Ẹ-Má-Mira ṣe máa ń so ó. Lẹ́yìn náà ó rìn jáde. Láti ìta, ohùn kan wí pé:

"Onírùngbọ̀n, ó yá, ká máa lọ. Ọmọ mi ń retí mi."

Ohùn òun ni. Orin ṣì ń lọ nínú ilé ìwẹ̀.

Ẹ-Má-Mira gbá kámẹ́rà mú, ó sáré jáde. Ojúde ti ṣófo. Kùrukùru ti bo àwọn ilé dé ojú fèrèsé. Ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń yọ̀, ó ń dìde. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ wọn nísàlẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Ó wúkọ́. Ó gbéra. Nígbà tó fi dé ìdí géètì, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìyá arúgbó náà ń ti àgádágodo bọ ẹ̀wọ̀n. Abọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ apá.

"Ìyá, ẹ ṣí i fún mi."

Ìyá náà kò wo ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wò.

"Mẹ́tàlélógójì gòkè," ó ní. "Mẹ́tàlélógójì sọ̀kalẹ̀."

"Ó ṣẹ́ ku èmi. Èmi oníkámẹ́rà."

"Oníkámẹ́rà ti lọ. Ó kí mi pé ó dàbọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sọ òkúta rẹ̀ nù."

"Ìyá, ẹ wò mí dáadáa."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń sọ nìyẹn."

Ó yí padà. Ẹ-Má-Mira di irin géètì mú.

"Ọmọ mi ń rọbí, Ìyá."

Arúgbó náà dúró díẹ̀. Ó dà bíi pé àánú ṣe é.

"Ìyá rẹ̀ ti ń lọ bá a," ó wí. Ó sì wọ inú kùrukùru lọ.

Géètì náà ga, orí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Àpáta wà lọ́tùn-ún, ọ̀gbun wà lósì. Ó gun géètì lẹ́ẹ̀mẹta, ó já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá rántí fóònù nínú àpò rẹ̀. Ó pe Onírùngbọ̀n. Àbúrò rẹ̀ gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Fóònù yín ló ń pè mí yìí. Ṣé ẹ jókòó lé e ni?"

"Onírùngbọ̀n, èmi nìyí. Èmi rèé lórí òkè. Sọ fún un kó sọ̀kalẹ̀."

"N ò gbọ́ nǹkan kan," ni Onírùngbọ̀n wí. "Àfi omi." Ó pa á.

Ó tún pè é. Ó tún pè é. Omi. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ka wákàtí lójú fóònù, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀nà náà kò ju wákàtí méjì lọ. Oòrùn wọ̀. Nígbà tí wákàtí méjì pé, ó pe ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé e, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé e.

Wọ́n gbé e. Ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun, ẹkún tó dán, tó le koko.

"Màmá, fóònù yín mà ni," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ kún inú ohùn rẹ̀. "Ṣé ẹ gbàgbé ẹ̀ síbi iṣẹ́ ni?"

"Bóyá ẹnì kan ló he é," ni ohùn kejì wí. Ohùn Ẹ-Má-Mira gan-an ni. "Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, á rẹ̀ ẹ́."

"Ọmọ mi," ni Ẹ-Má-Mira wí. "Ọmọ mi. Má gbé ọmọ náà fún un."

"Omi ni mo ń gbọ́." Ọmọ rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó gbàgbé láti pa á. "Ẹ rọra di orí rẹ̀ mú. Ẹ wo bó ṣe dákẹ́ lọ́wọ́ yín." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, mo rò pé ẹ ò ní wá ni. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo ti dárí jì yín. Kò sí nínú mi mọ́."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Ẹ-Má-Mira ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún.

"Ẹ má mira," ni ohùn kejì wí, jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n wò yín."

Fóònù kú.

Ó jókòó síbẹ̀. Kámẹ́rà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ti tẹ̀ nígbà tó ń yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ká láti ìgbà náà, òun kò mọ̀. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ omi tó ń kán lókè àtẹ̀gùn. Tó. Tó. Tó. Ẹsẹ̀ ẹnì kan kọ́ ni, ẹsẹ̀ púpọ̀ ni. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kùrukùru, ẹsẹ̀ ọkùnrin, ẹsẹ̀ obìnrin, kò sí èyí tó wọ bàtà. Kò wẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì sún fún un bí àwọn ará ilé ṣe ń sún fún ara wọn.

Gbogbo wọn dojú kọ géètì. Ìgbéyàwó mìíràn wà ní Sátidé.