Eyín Tó Kẹ́yìn

Ohùn tó wà lábẹ́ eyín dùùrù tó kẹ́yìn kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó kọrin. Ọkùnrin tó ń tún dùùrù ṣe yọ ìka bí ẹni tí iná jó. Elétí-Ajá ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó dún tí etí rẹ̀ kì í gbọ́.

Dùùrù àtijọ́ ni. Téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ohùn ọmọge kan sórí rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ eyín, téèpù á máa sáré, ọmọge á máa kọrin. Bí téèpù bá tán, ohùn á gé lójijì. Òmíràn ń gbọ̀n, òmíràn há díẹ̀, òmíràn sì dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Àbùkù yẹn gan-an ni Elétí-Ajá fẹ́ràn. Àwọn dùùrù ìgbàlódé kì í ṣàṣìṣe, wọn kì í sì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

“Ohùn àbúrò mi ni,” ìyá àgbà tó ni ín sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò lè jókòó. Ó ń lọ sídìí fèrèsé, ó ń padà. “Bá mi wo èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọmọ mi. Kò yẹ kó máa dún.”

“Kí ló dé, Mà?”

Ìyá tún lọ sídìí fèrèsé. Elétí-Ajá ṣí ìdérí, ó yẹ abẹ́ eyín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo eyín yòókù ló ní téèpù. Abẹ́ èyí tó kẹ́yìn ṣófo, eruku nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ó ku ẹyọ kan yẹn ká parí gbígba ohùn rẹ̀,” ìyá sọ níkẹyìn. “Ikọ́ ò jẹ́ kó kọ ọ́. Mo ní kó lọ sinmi, ó dọ̀la. Ilẹ̀ ò mọ́ bá a.”

Ọkàn Elétí-Ajá ní kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ojú ìyá ń bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ jẹ́ ká fi téèpù síbẹ̀, Mà. Kẹ́ ẹ fúnra yín bá a kọ ọ́. Bóyá á sinmi.”

Ìyá kọ ọ́, Elétí-Ajá gbà á sórí téèpù tuntun. Ó ki téèpù náà bọ abẹ́ eyín yẹn, ó ní kí ìyá tẹ̀ ẹ́ wò.

Ohùn méjì ló jáde. Ti ọmọge ṣíwájú díẹ̀, ti àgbà tẹ̀ lé e, wọ́n wá lọ́ mọ́ra. Omi bọ́ lójú ìyá. “Òun nìyẹn,” ó ní, “àbúrò mi rèé o!”

Téèpù tán. Ohùn àgbà gé. Ti ọmọge ò gé, ńṣe ló ń ga sí i.

“Ẹ yọ ìka yín, Mà.”

Kò sí ìka kankan lórí dùùrù. Ìyá ti fara ti ògiri, ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ gan-an ni ohùn ọmọge náà sì ti ń jáde. Nígbà tí orin dákẹ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó hun jọ, ó wo yàrá yíká, ó wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Elétí-Ajá.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi dà?”