Agolo Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀

Dúpẹ́olúwa gbé fóònù lé orí tábìlì onígíláàsì, ó fi ìwé méjì tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo pálọ̀ náà hàn dáadáa. Ó hàn. Àga aláwọ funfun hàn, kọ́tìnnì gígùn hàn, fèrèsé ńlá tó kọjú sí àwọn ilé gogoro Jumeirah Village Circle ní Dubai náà hàn. Pálọ̀ tó dára ni. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í ṣe tiwọn. Ti Lukman ni, àbúrò ìyá Shukurat ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lukman fúnra rẹ̀ ló wọ kóòtù jókòó sórí àga yẹn, tó ń tún táì rẹ̀ ṣe, nítorí pé òun ni yóò ṣe bàbá Dúpẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé náà.

"Ẹ má gbàgbé o, Bọ̀dá Lukman," ni Dúpẹ́ wí. "Olúṣẹ̀san lorúkọ yín."

"Khalas, ó ti parí, mo ti gbọ́. Olúṣẹ̀san, ọ̀gá nílé iṣẹ́ cargo. Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu."

Shukurat, tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti yíyá bàbá. Ìlú kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Arles. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ pápá ìwòran ńlá kan síbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn èèyàn sì ṣì ń jókòó síbẹ̀ wòran títí dòní. Lẹ́yìn ìlú, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn lọ salalu. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ Dúpẹ́ ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, pé àwọn fẹ́ gba ọmọ kan lálejò fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìkórè ìrẹsì, ìdílé àgbẹ̀ kan ni yóò sì gbà á sílé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ nípa iṣẹ́ oko ìdílé wọn. Dúpẹ́ kọ ti bàbá rẹ̀.

Òótọ́ pọ́ńbélé ló kọ, ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí sì nìyẹn. Ó kọ ọ́ pé ọmọ Ìgbẹ́mọ̀ ní Èkìtì ni bàbá òun, pé àgbẹ̀ ìrẹsì ni kí ọ̀gbàrá tó gbé oko rẹ̀ lọ lọ́dún méjì léra wọn. Ó kọ ọ́ pé bàbá òun da ìwọ̀nba irúgbìn tó ṣẹ́ kù sínú agolo mílíìkì, ó gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Dubai, ọdún mẹ́sàn-án sì nìyí tí agolo náà ti wà lójú fèrèsé wọn. Nínú ọmọ mọ́kànlélógójì, òun ni wọ́n mú. Ó wá ku kí ìdílé méjèèjì rí ara wọn lórí fóònù.

Ibẹ̀ ni ìtìjú gbà wọlé. Yàrá kan ni Dúpẹ́ àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Abu Shagara ní Sharjah, pákó ni wọ́n fi pín in kúrò lára tàwọn ẹlòmíì, èèyàn mẹ́sàn-án ló sì ń lo balùwẹ̀ kan. Orí ibùsùn tí wọ́n ń sùn ni ìyá rẹ̀, Morìnsọ́lá, ti ń dirun fún àwọn obìnrin. Bàbá rẹ̀ ń di ẹrù ní ọ́fíìsì cargo kan ní Al Muraqqabat ní Dubai; máákà dúdú tó fi ń kọ orúkọ àwọn oníṣòwò Èkó sára ẹrù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dúpẹ́ ro bí àwọn òyìnbó ṣe máa wo pákó yẹn, ara rẹ̀ bù máṣọ. Shukurat ló ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé àbúrò ìyá òun wà níbẹ̀. Kò pẹ́ rárá kí Dúpẹ́ tó gbà.

Bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ ń múra ní tirẹ̀. Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ti lọ bùbá rẹ̀ tó dáa jù, ó sì ti nu agolo náà títí ó fi ń dán. Láàárọ̀ Sátidé yẹn gan-an ni Dúpẹ́ sọ fún un pé wọ́n ti wọ́gi lé ìpè náà, pé àròkọ nìkan ti tó wọn. Bàbá náà ní kò burú. Ó bọ́ bùbá, ó fi kọ́, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Fóònù dún. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbà á lálejò, Màdáámù Roumieu, jókòó ti bàbá rẹ̀ arúgbó, oòrùn ti pa àwọn méjèèjì lójú dáadáa. Mísìs Asiat, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ wọn ní èdè Faransé nílé ẹ̀kọ́, wà lórí ìpè náà láti ilé tirẹ̀, ó ń túmọ̀. Wọ́n kí ara wọn, Lukman ń rẹ́rìn-ín, nǹkan ń lọ geere. Ni arúgbó náà bá ní òun ní ìbéèrè kan. Ó ní ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan wà lọ́dọ̀ àwọn, pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń wọ́ wá sínú omi oko láti tẹ ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pa. Àwọn ti yìnbọn sókè, àwọn ti tan iná, àwọn ẹyẹ náà ò lọ. Ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí láti bi àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ òun: báwo ni wọ́n ṣe ń lé ẹyẹ ní Ìgbẹ́mọ̀?

Lukman ò fẹsẹ̀ tẹ oko rí láyé rẹ̀. "A máa ń fín oògùn ni," ó ní. "Gbogbo wọn á kú."

Arúgbó náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ní ó dáa, kó jọ̀ọ́ fi agolo irúgbìn yẹn han òun. Lukman yíjú sí Dúpẹ́.

"Agolo wo?"

Dúpẹ́ rí i tí Màdáámù Roumieu ń wo àga funfun, tó tún ń wo ọwọ́ Lukman tó mọ́ nigínnigín, ó sì rí i tí tíṣà rẹ̀ rọra bojú wolẹ̀. Wọ́n dágbére wẹ́rẹ́, wọ́n pa fóònù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá Dúpẹ́ sílé ẹ̀kọ́. Mísìs Asiat bi í pé ta ni í ṣe, ó ní òun ni Olúṣẹ̀san, bàbá Dúpẹ́olúwa. Ìyẹn kọ ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó sì fi fídíò ìpè náà tó ti gbà sílẹ̀ hàn án. Olúṣẹ̀san dúró nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Dúpẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń jẹ́wọ́, ó sì ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Bàbá rẹ̀ ò wò ó. Ó wo fídíò náà dópin.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó sọ fún tíṣà, "ìbéèrè tí bàbá yẹn bi, ṣé ẹnì kankan ti dá a lóhùn?"

Mísìs Asiat ní rárá.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lé ẹyẹ nínú ìrẹsì."

Mísìs Asiat kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Arles, Ọjọ́bọ̀ sì ni lẹ́tà èsì dé. Wọ́n ti fi Tòhíbù, ọmọ tó ṣe ìkejì, rọ́pò Dúpẹ́. Mísìs Asiat ka ìyókù lẹ́tà náà fún Dúpẹ́.

"A fẹ́ràn bàbá tó wà nínú àròkọ yẹn," ni Màdáámù Roumieu kọ. "Ìgbà kan wà tí àwọn baba ńlá wa ń gbé inú pápá ìwòran àwọn ará Róòmù. Ilé tó lé ní igba ni wọ́n há sínú rẹ̀, tí wọ́n jọ ń lo ògiri. A kì í fi í pamọ́ fún àlejò. Yàrá kékeré ò lè tì wá lójú. Ṣùgbọ́n a ò lè gba ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀ sílé."

Olúṣẹ̀san ò nà án, kò sì jágbe mọ́ ọn. Bí Dúpẹ́ bá kí i, á jẹ́ ẹ. Bó bá bẹ̀ ẹ́, á ní òun ti gbọ́. Ì bá sàn fún Dúpẹ́ ká ní ó nà án. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, Dúpẹ́ rí i pé ojú fèrèsé ti ṣófo. Ó bi ìyá rẹ̀ pé agolo dà. Morìnsọ́lá ò gbójú kúrò lára irun tó ń dì.

"Bàbá ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́ lánàá," ó ní. "Àwọn ẹyẹlé ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn ló dà á fún."

Dúpẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Al Muraqqabat. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì náà, láàárín páálí àti okùn ẹrù, ló kúnlẹ̀ sí, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀. Èèpo lásán ló rí ṣà, kò sí ẹyọ ìrẹsì kan nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jáde tòun ti máákà lọ́wọ́, ó bá a bẹ́ẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn gbóná." Ó padà sídìí ẹrù tó ń dì.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní tàn yín. Tòhíbù ti lọ, ó ti bọ̀, bàbá Dúpẹ́ ò sì sọ̀rọ̀ ìrẹsì nílé wọn mọ́. Ẹ má ṣe tìtorí ojú ayé fi àwọn tó bí yín pamọ́, ẹ má sì fi irọ́ tún òótọ́ tó ti gbé yín dé ibi rere ṣe. Bàbá tí Dúpẹ́ fi pamọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ rí. Ó ti tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n irúgbìn Ìgbẹ́mọ̀ ti tán.