Orúkọ Moríkẹ́ Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Rí

"Moríkẹ́, o ti bà mí lórúkọ jẹ́!"

Ohùn Olówòkéré gba gbogbo Zion Pepe, ìlú orí omi wọn, kan. Ọlọ́pàá méjì tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Igbókọ̀dà dúró lórí afárá pákó, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ àgbà ni àwọn wá mú.

Ẹnìkan ló fi orúkọ èké kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé májèlé ni Adétutù fi ń pa ẹja tó ń tà. Ọjà Adétutù dàrú, ó sì fẹjọ́ sùn. Òfin ní kí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lò ó fún ọdún méjì. Orúkọ Moríkẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, nítorí òun ló ni ẹ̀rọ Wáìfáì tí gbogbo ilé ń lò.

Hánà, ìyàwó kékeré, fara ti ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìkà obìnrin! Òun gan-an ló kọ ọ́. Látìgbà tí Moríkẹ́ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù ni ọkọ wọn ti fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, owú sì ń jó Hánà bí ata.

"Ọ̀gá, mo fi Ẹni tó dá òkun búra, mi ò kọ nǹkan kan!" ni Moríkẹ́ wí. "Gbogbo wa la jọ ń lò ó."

"Ìyá, orúkọ yín ni ìwé gbé wá."

"Irọ́ ló ń pa!" Hánà pariwo. "Ẹ máa gbé e lọ!"

Moríkẹ́ kọjú sí ọlọ́pàá. "Ọ̀gá, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Ẹ̀rọ yìí máa ń tọ́jú orúkọ fóònù tó bá wọ inú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò. Fóònù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láago mẹ́wàá. Ó kà á sókè: "Hánà Àyànfẹ́ Ọkọ Ẹ̀."

Orúkọ tí Hánà fi sórí fóònù rẹ̀ láti fi dun ìyálé rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n ṣí i: ojúewé èké náà ló hàn gbangba.

"Bàbá Dayọ̀, ẹ gbà mí! Èṣù ló tì mí!" Hánà ké sí ọkọ rẹ̀.

"Èṣù wo? Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀!" ni Olówòkéré dáhùn.

Wọ́n mú un wọnú ọkọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Hánà wẹ̀yìn. Ohun tó rí dùn ún ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ: Olówòkéré dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó níwájú Moríkẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé.